Thomas Edison àti bátìrì tí ó ń pẹ́

Ẹ mọ òkúta tọ́ọ̀ṣì, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní pílì. A ń rà á sínú tọ́ọ̀ṣì àti rédíò. Bí agbára rẹ̀ bá tán, a ó sọ ọ́ nù, a ó tún lọ ra òmíràn. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí a lè fi iná sí lára, kí ó tún máa ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn ọkùnrin kan tí ó fi nǹkan bí ọdún 10 wá irú èyí tí yóò pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á. Orúkọ rẹ̀ ni Thomas Edison.

Ìgbà èwe rẹ̀

Wọ́n bí Edison ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1847, ní ìlú Milan, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Oṣù díẹ̀ péré ni ó lò ní ilé ẹ̀kọ́. Ìyá rẹ̀, tí ó ti ṣe olùkọ́ rí, ni ó kọ́ ọ ní ìwé nílé. Ẹ rí i pé kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé nìkan ni ènìyàn ti lè mọ ìwé.

Ní 1859, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 12, ó bẹ̀rẹ̀ sí ta ìwé ìròyìn àti ohun ìpanu nínú ọkọ̀ ojú irin. Ní ìgbà èwe rẹ̀ náà ni etí rẹ̀ di, kò sì gbọ́ dáadáa mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ní 1862, ó rí ọmọ kékeré kan lójú irin, ọkọ̀ sì ń bọ̀. Ó sáré gbé ọmọ náà kúrò. Bàbá ọmọ náà ni ọ̀gá ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Láti dúpẹ́ oore, ó kọ́ Edison ní iṣẹ́ wáyà, tí a fi ń rán ọ̀rọ̀ láti ìlú kan sí èkejì. Agbára bátìrì ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Báyìí ni Edison ṣe mọ bátìrì láti kékeré.

Ó di olókìkí

Ní 1877, Edison ṣe ẹ̀rọ tí ó ń gba ohùn ènìyàn sílẹ̀, tí ó sì ń sọ ọ́ padà. Ní 1879, òun àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ ṣe gílóòbù iná tí ó ń tàn pẹ́ kí ó tó jó. Ní 1882, ilé iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pín iná mànàmáná sí apá kan ìlú New York. Ó lówó, ó sì lórúkọ. Síbẹ̀ kò jókòó.

Bátìrì òjé

Kì í ṣe Edison ni ó kọ́kọ́ ṣe bátìrì tí a lè tún fi iná sí lára. Gaston Planté, ará Faransé, ni ó ṣe é ní 1859. Òjé àti ásíìdì ni ó fi ṣe é. Irú rẹ̀ ṣì wà nínú ọkọ̀ títí di òní. Ó lágbára, ṣùgbọ́n ó wúwo. Ásíìdì rẹ̀ ń jẹ aṣọ, ó sì ń bó ara. Bí ó bá wà láìní iná nínú fún ọjọ́ pípẹ́, ó ń bàjẹ́.

Nígbà tí Edison bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bátìrì tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ni ó ń fi bátìrì rìn, kì í ṣe epo. Edison fẹ́ ṣe èyí tí yóò fúyẹ́, tí yóò sì pẹ́. Òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Níkẹyìn, wọ́n mú irin àti níkẹ́ẹ̀lì, wọ́n rì wọ́n sínú omi kan tí ó bá omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú tan, ṣùgbọ́n tí ó le jù ú lọ púpọ̀.

Ọjà tí ó padà sílé

Ní 1903, bátìrì náà dé ọjà. Edison ti yìn ín gidigidi, àwọn ènìyàn sì rà á nítorí orúkọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹjọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń jò. Àwọn mìíràn dára lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gba iná tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára wọn ń dín kù.

Kí ni ẹ rò pé ó ṣe? Owó ti wọlé, orúkọ rẹ̀ ì bá sì tún ta púpọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n Edison dá ọjà náà dúró. Ó gba àwọn tí kò dára padà, ó sì dá owó padà fún àwọn tí ó rà wọ́n. Ó padà sí ìdí iṣẹ́. Wọ́n fi bátìrì sínú ọkọ̀, wọ́n sì ń wà á gba ọ̀nà gbágungbàgun láti mọ̀ bóyá yóò fara dà á. Ní 1909, èyí tí ó dára jáde.

Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Láti 1908 ni Henry Ford ti ń ta ọkọ̀ tí ń lo epo, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ọkọ̀ epo gba títì. Bátìrì Edison rí iṣẹ́ mìíràn: nínú ọkọ̀ ojú irin, nínú ọkọ̀ akẹ́rù, àti nínú àtùpà tí àwọn awakùsà ń dè mọ́rí. Ó wọ́n, òtútù sì ń mú agbára rẹ̀ rọ, ṣùgbọ́n àwọn kan lo èyí tí wọ́n rà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Edison kú ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 1931, ní ẹni ọdún 84.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa

A kì í fi ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ bátìrì rere. Iye ìgbà tí ó lè gba iná, tí ó sì tún ṣiṣẹ́, ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ ra pílì tí ń gba iná, ẹ rántí nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ ka ara pílì náà. Ẹ wá ọ̀rọ̀ yìí: RECHARGEABLE. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má fi iná sí i. Ó lè jò, ó sì lè bẹ́.

2. Ẹ wo nọ́ńbà tí mAh tẹ̀ lé. Bí pílì 2 bá tóbi bákan náà, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ ni ó yẹ kí ó pẹ́ jù kí iná rẹ̀ tó tán. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń kọ nọ́ńbà irọ́. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí yóò gbà á padà bí kò bá dára.

3. Ẹ lò ó nínú ohun tí ń jẹ iná lójoojúmọ́, bíi rédíò àti tọ́ọ̀ṣì. Fún aago ara ògiri, pílì lásán tó.

4. Ohun tí a ṣe fún un ni kí ẹ fi fún un ní iná. Ẹ má da tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó.

5. Ẹ má jù ú sínú iná. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Ká ní pílì tí ń gba iná kan tó owó pílì lásán 5. Bí ẹ bá fi iná sí i ní ìgbà 100, ó ti ṣe iṣẹ́ nǹkan bíi pílì lásán 100. Ẹ yọ owó iná kúrò, kí ẹ wo ohun tí ó kù sí àpò yín.

Ìbéèrè

1. Ta ni ó kọ́ Edison ní ìwé?
2. Kí ni Edison ṣe nígbà tí bátìrì rẹ̀ kò dára?
3. Ọ̀rọ̀ wo ni ẹ ó wá lára pílì kí ẹ tó fi iná sí i?
4. Pílì mélòó ni ẹ ń rà lóṣù nílé yín? Èló ni gbogbo rẹ̀?