Adéṣínà: Ìpín tí Òkun Kò Gbé Lọ

Nínú ẹ̀kọ́ Ifá, àkúnlẹ̀yàn ni ohun tí ènìyàn kúnlẹ̀ tí ó yàn ní ìsálọ́run. Àkúnlẹ̀gbà ni èyí tí a fi lé e lọ́wọ́ láti mú un ṣẹ. Àyànmọ́ ni èyí tí a yàn mọ́ ọn tí kò ṣeé yípadà. Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín, ni ó mọ ohun tí orí kọ̀ọ̀kan yàn. Ìgbésí ayé Adéṣínà fi bí ẹ̀kọ́ yìí ti jinlẹ̀ tó hàn.

Ilẹ̀ Yorùbá ni a bí i sí. Àwọn olówò ẹrú gbé e kọjá òkun lọ sí Kúbà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Remigio Herrera. Ìtàn tí àwọn awo ibẹ̀ ń pa fún ọmọ wọn ni pé ó gbé ikin rẹ̀ mì, kí wọ́n má baà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Matanzas ni ó kọ́kọ́ gbé. Nígbà tí ó di òmìnira, ó ṣí lọ sí Regla, ìlú tí ó kọjú sí Havana ní òdìkejì èbúté. Iṣẹ́ bíríkìlà ni ó ń ṣe níbẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ Yemọja sílẹ̀, ó sì ń tẹ àwọn tí a bí ní Kúbà nífá, nígbà tí ìfiniṣẹrú kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀ títí di ọdún 1886. Bernardo Rojas wà lára àwọn ọmọ awo rẹ̀. Nígbà tí Adéṣínà papòdà ní ọdún 1905, Pepa, ọmọbìnrin rẹ̀, ni ó ń darí ẹgbẹ́ náà.

Ẹni tí ó bá ní ìdè ni Adéṣínà yàn lọ́run ti ṣi ẹ̀kọ́ náà gbọ́. Ọwọ́ ẹlẹ́nìní ni ìdè ti wá. Ifá kọ́ni pé ẹlẹ́nìní lè dí ọ̀nà ìpín rere, ṣùgbọ́n ẹbọ, ìwà àti ẹsẹ̀ ni a fi ń ṣí i padà. Ohun tí orí rẹ̀ yàn ni iṣẹ́ awo, ó sì fi ìfaradà mú un ṣẹ ní ilẹ̀ àjèjì. Orúkọ tí a sọ ọ́ kò já sí asán: adé ṣí ọ̀nà, ọ̀pọ̀ awo sì ń gba ọ̀nà náà kọjá títí di òní.