Èṣùgbàyí Elékòó, Ọba tí Ó Bá Gómìnà Dé Kóòtù

Bí a bá dárúkọ ìjọba abẹ́ òfin, ọ̀pọ̀ nínú yín a rò pé ọ̀rọ̀ lọ́yà ni, tàbí ohun tí a ń há sórí nítorí ìdánwò: aṣòfin ń ṣòfin, gómìnà ń pàṣẹ, adájọ́ ń dájọ́, ó tán. Ọkùnrin kan wà ní Èkó tí kò há a sórí. Ọdún mẹ́fà ni ó fi wà nígbèkùn kí ọ̀rọ̀ náà tó yé àwọn aláṣẹ.

Èṣùgbàyí ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ọba Dòsùnmú ni, Dòsùnmú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ mọ ìdílé yìí dáadáa, nítorí Kòsọ́kọ́ tí ó bá wọn du oyè ni ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí ìbọn ńlá Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní ìparí ọdún 1851. Ibẹ̀ ni ó wà títí di ọdún 1862. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Kòsọ́kọ́ yìí sọ́kàn, yóò wúlò níwájú.

Ọdún 1901 ni Èṣùgbàyí gun orí oyè, lẹ́yìn ikú Ọba Ọyẹ́kàn Kìn-ín-ní. Oyè náà kò fi bẹ́ẹ̀ ní agbára mọ́ nígbà náà. Ìjọba a máa fún ọba ní owó lọ́dọọdún, wọ́n sì retí pé ẹni tí ń jẹ owó wọn yóò máa gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ omi ni ó kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀. Ìjọba fa omi ẹ̀rọ láti Ìjù wọ Èkó, wọ́n sì ní kí àwọn onílé máa san owó omi. Ará ìlú kọ̀. Ó wí fún àwọn baba wa pé kànga wọn tó wọn, àwọn òyìnbó ni ó ń wá omi ẹ̀rọ. Ní ọdún 1916 ọ̀rọ̀ náà di rògbòdìyàn ní ìgboro, ìjọba sì ka ọba sí ẹni tí ó wà lẹ́yìn àwọn tí kò fẹ́ san.

Ọ̀rọ̀ omi yìí kan náà ni ó wọ mọ́sálásí. Lèmọ́mù Àgbà àti àwọn tirẹ̀ ní kí wọ́n san owó náà, àwọn Jàmáátù ní àwọn kò san. Bí ìyapa ṣe dé àárín àwọn Mùsùlùmí Èkó nìyẹn, wọ́n sì lo ọdún púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1919 Èṣùgbàyí fọwọ́ sí i kí àwọn Mùsùlùmí kan jẹ oyè ẹ̀sìn láìgba àṣẹ ìjọba. Ìjọba dá owó rẹ̀ dúró, wọ́n ní àwọn kò kà á sí ọba mọ́. Ìgbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀ ni wọ́n dá a padà.

Kò pẹ́ tí òmíràn fi dé. Ìjọba ti gba ilẹ̀ kan ní Àpápá tí ó wà lábẹ́ Olóyè Àmódù Tìjání, Olúwa Èkó, ẹni tí ó jẹ́ Mùsùlùmí. Olóyè náà ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ náà ní kíkún. Ìjọba ní rárá, pé láti ọdún 1861 ni ilẹ̀ Èkó ti di ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1920 olóyè náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú Herbert Macaulay, Macaulay sì mú ọ̀pá àṣẹ Elékòó dání. Ní ọdún 1921 Privy Council, tí í ṣe ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù fún àwọn ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì ń jọba lé lórí, dájọ́ pé bí ọba kan bá tilẹ̀ fa ìlú lé ọba mìíràn lọ́wọ́, ilẹ̀ àwọn ènìyàn kò tìtorí ìyẹn di ti ọba tuntun. Olúwa borí.

Ṣùgbọ́n Macaulay ti sọ̀rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù bí ẹni pé Elékòó ni olórí gbogbo Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà sì jáde nínú ìwé ìròyìn. Lójú tèmi, Macaulay sọ àsọdùn níbẹ̀. Ìjọba bínú. Èṣùgbàyí kọ̀wé pé òun kò rán an ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ rán agogo káàkiri ìlú láti sẹ́ ẹ ní gbangba. Ó kọ̀. Wọ́n tún yọ ọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀ kí ọdún 1920 tó parí.

Ní ọdún 1922 Gómìnà Clifford gbé ìwé òfin tuntun jáde. Òun ni ó fún Èkó ní ẹni mẹ́ta tí wọ́n máa dìbò yàn sínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, Kàlàbá ní ẹyọ kan. Ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un bá tó ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́dún ni ó lè dìbò. Obìnrin kò sí níbẹ̀, ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kò sí níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Macaulay wọlé ní ọdún 1923, ọ̀rọ̀ Elékòó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi ń pe ènìyàn jọ.

Ní ọdún 1925 àwọn kan nínú ìdílé Dòsùnmú àti nínú àwọn ìjòyè ní àwọn ti rọ Èṣùgbàyí lóyè, wọ́n fi Ìbíkúnlé Akítóyè sípò rẹ̀. Ìjọba fara mọ́ ọn. Gómìnà wá mú òfin kan jáde tí wọ́n ti ṣe ní ọdún 1917: bí wọ́n bá rọ olóyè kan lóyè, tí àṣà ìlú rẹ̀ sì ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò nílùú, gómìnà lè pàṣẹ pé kí ó lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n gbé ọba lọ sí Ọ̀yọ́.

Àwọn lọ́yà rẹ̀ béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní habeas corpus. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹni tí ó mú ènìyàn mọ́lẹ̀ wá sọ níwájú adájọ́ irú òfin tí ó fi mú un. Ìjọba fèsì pé àṣẹ gómìnà ni, kóòtù kò sì lè yẹ̀ ẹ́ wò. Adájọ́ kìn-ín-ní kọ̀. Adájọ́ kejì ní nígbà tí ti àkọ́kọ́ ti kọ̀, ọwọ́ òun ti di. Ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1928 wọ́n dájọ́ níbẹ̀ pé ẹni tí a gba òmìnira rẹ̀ lè tọ adájọ́ kan lẹ́yìn èkejì, olúkúlùkù wọn ni ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Wọ́n padà sí Èkó, wọ́n tún pàdánù, wọ́n tún gba Lọ́ńdọ̀nù lọ. Láàárín èyí, Macaulay ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ìròyìn tí ìwé ìròyìn rẹ̀ gbé jáde pé wọ́n fẹ́ pa ọba náà.

Akítóyè kú ní ọdún 1928, Sànúsí Olúṣì ni ìjọba fi sípò rẹ̀. Òun ni wọ́n kà sí Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tí ó jọba Èkó. Èyí ni ó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí: púpọ̀ nínú àwọn Mùsùlùmí Èkó kò tìtorí ẹ̀sìn fi ẹni tí ó wà ní Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Àwọn Jàmáátù dúró tì í, wọ́n ń dá owó ẹjọ́.

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta ọdún 1931 ni ìdájọ́ ńlá náà jáde, Lord Atkin ni ó kà á. Ó ní kò sí aṣojú ìjọba tí ó lè fọwọ́ kan òmìnira tàbí dúkìá ènìyàn, àfi bí ó bá lè fi hàn ní kóòtù pé òfin fún un láṣẹ. Àṣẹ gómìnà nìkan kò tó. Kóòtù ní láti wádìí ohun mẹ́ta: ṣé olóyè ni Èṣùgbàyí lábẹ́ òfin yẹn, ṣé wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè ní tòótọ́, ṣé àṣà Èkó sì ní kí ẹni tí a rọ̀ lóyè kúrò nílùú. Ibi ìbéèrè kẹta yìí ni mo ní kí ẹ rántí Kòsọ́kọ́. Ó kúrò ní Èkó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbọn ni ó lé e, ta ni yóò pe ìyẹn ní àṣà? Ilé-ẹjọ́ náà fi kún un pé àṣà lè yí padà, pé ohun tí àwọn ènìyàn fúnra wọn gbà ni ó ń sọ ọ́ di àṣà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìtàn Álì ọmọ Abú Tálíb àti Ṣúráíhì ní ilé-kéwú, bí Kàlífà ṣe dúró níwájú adájọ́ lórí ẹ̀wù ogun, tí ó sì pàdánù, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí yín. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 35, gba ibẹ̀ wá: ẹni tí wọ́n bá mú lórí ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, láàárín ọjọ́ méjì bí ó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, àyàfi bí kóòtù bá rí i pé ó yẹ kí ó pẹ́ díẹ̀ sí i. Ìkòròdú ní ilé-ẹjọ́ gíga, Ẹ̀pẹ́ náà ní.

Privy Council kò fúnra wọn dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n dá ẹjọ́ padà sí Èkó kí wọ́n wá ṣèwádìí. Ṣùgbọ́n gómìnà tuntun, Donald Cameron, dé ní oṣù kẹfà ọdún náà, kò sì dúró de ìwádìí kankan. Ó gbà kí Èṣùgbàyí padà wálé. Olúṣì kúrò ní Ìgá Ìdúngànràn, ẹni tí ó ni ín sì wọlé. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni ó lò níbẹ̀. Ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 1932, Fálolú, ọmọ ìdílé Dòsùnmú, ni ó jọba lẹ́yìn rẹ̀.