Gunpei Yokoi: Ẹni tó gbé géèmù sínú àpò ọmọdé

Kò sẹ́ni tó ń gbá géèmù tí ò mọ orúkọ Nintendo. Orúkọ Gunpei Yokoi ńkọ́? Àwọn tó mọ ìtàn géèmù dáadáa kì í fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwa yòókù ti lo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láìmọ̀. Òun ló wà nídìí bí géèmù ṣe kúrò níwájú tẹlifíṣọ̀n, tó sì di ohun téèyàn lè mú dání wọ mọ́tò.

Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1941 ni wọ́n bí i nílùú Kyoto, lórílẹ̀-èdè Japan. Ìmọ̀ nípa iná àti ẹ̀rọ ló kọ́ ní Yunifásítì Doshisha níbẹ̀. Lọ́dún 1965, Nintendo gbà á síṣẹ́. Ẹ má rò pé iṣẹ́ géèmù ni o. Káàdì títa ni Nintendo ń ṣe láti ọdún 1889. Iṣẹ́ Yokoi ni kó máa bójú tó àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣe káàdì náà, kí wọ́n má bàa dẹnu kọlẹ̀.

Bọ́wọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, á máa ṣe nǹkan ìṣeré fún ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọwọ́ gígùn kan tó ń nà, tó sì ń ká. Téèyàn bá fún un níhìn-ín, á lọ gbá nǹkan mú lọ́ọ̀ọ́kán. Ọ̀gá pátápátá, Hiroshi Yamauchi, rí i. Ọ̀gá mìíràn ì bá lé e níṣẹ́ pé ó ń fi àkókò ṣòfò, àmọ́ ńṣe ni Yamauchi ní kó sọ ọ́ di ọjà. Lọ́dún 1966, wọ́n gbé e jáde, wọ́n pè é ní Ultra Hand, ó sì tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Bí Yokoi ṣe kúrò nídìí títún ẹ̀rọ ṣe nìyẹn, tó wá di ẹni tó ń ronú nǹkan ìṣeré fún iléeṣẹ́ náà.

Lára ohun tó ṣe ni Ten Billion, tó jáde lọ́dún 1980. Ìyẹn ò lo iná, kò lo bátìrì. Ó rí bí àgbá kékeré, bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó mú un dání á máa yí i síhìn-ín, á máa yí i sọ́hùn-ún, títí àwọ̀ kan náà á fi tò sójú ìlà kan. Ẹ wò ó bí ohun kékeré, àmọ́ ó lè gba ọpọlọ èèyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lọ́dún yẹn kan náà ni Game & Watch dé. Yokoi wà nínú ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ kan, ó rí òṣìṣẹ́ kan tó ń fi ẹ̀rọ ìṣirò ṣeré torí pé gbogbo nǹkan ti sú u. Ó wá rò ó pé ẹni tó bá ń rìnrìn àjò nílò géèmù kékeré tí kò ní pe ojú èèyàn. Nígbà tó yá, dírébà ọ̀gá ò wá, Yokoi ló gbé Yamauchi lọ sípàdé, ibẹ̀ ló ti sọ èrò yìí fún un. Yamauchi ò sọ púpọ̀, àmọ́ kò pẹ́ tí àwọn ará Sharp, tó ń ṣe ẹ̀rọ ìṣirò, fi wá bá wọn. Nǹkan bí ọgọ́ta oríṣi Game & Watch ni wọ́n ṣe, ó sì tà ju mílíọ̀nù 43 lọ. Lára Donkey Kong ti ọdún 1982 ni Yokoi ti lo bọ́tìnnì tó rí bí àgbélébùú, èyí tó ṣì wà lára ẹ̀rọ géèmù títí dòní.

Ohun tí ọkùnrin yìí gbà gbọ́ ni pé ẹ̀rọ tuntun tó ń dán yìnrìn kọ́ ló ń mú géèmù dùn. Ẹ̀rọ tó ti pẹ́ lọ́jà, tí gbogbo oníṣẹ́ ti mọ̀ dunjú, tówó rẹ̀ sì ti wálẹ̀, ni kéèyàn mú, kó wá ronú ohun tẹ́nikẹ́ni ò tíì fi ṣe rí. Ọ̀nà kan kọ́ ló wọ ọjà.

Ìyẹn ló fi ṣe Game Boy lọ́dún 1989. Ojú rẹ̀ ò ní àwọ̀, ó kàn ṣe ràkọ̀ràkọ̀ bí ewéko tó fẹ́ gbẹ ni. Game Gear ti Sega tó tẹ̀ lé e ní àwọ̀ àti iná lójú, àmọ́ bátìrì mẹ́fà ló ń jẹ, kì í sì í lò ju wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Bátìrì mẹ́rin péré ni ti Yokoi, ó sì lè lo ju wákàtí mẹ́wàá lọ. Òbí tó ń fowó ra bátìrì mọ èyí tó máa rà. Nígbà tí wọ́n fi Tetris, géèmù tí Alexey Pajitnov ọmọ Rọ́ṣíà ṣe, sínú rẹ̀, àgbà pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í du ú mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Tí a bá ka Game Boy aláwọ̀ tó tẹ̀ lé e mọ́ ọn, ó tà ju mílíọ̀nù 118 lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbá brick game nílé ẹ̀kọ́, kì í ṣe Nintendo ló ṣe é, àmọ́ bíríkì Tetris yẹn náà ni.

Ayé kì í dùn títí láìní ìkorò. Lọ́dún 1995, Yokoi gbé Virtual Boy jáde. Èèyàn á ki ojú bọ inú rẹ̀, á sì rí géèmù bíi pé ó jìn síwájú. Pupa lórí dúdú nìkan ló lò, torí ìyẹn dín owó àti bátìrì kù. Ọgbọ́n àtijọ́ ò gbè é lọ́tẹ̀ yìí. Ojú ń ro àwọn kan tó gbá a, kò sì ṣeé mú dání rìn. Kò tà tó mílíọ̀nù kan, ọdún ò sì yípo tí wọ́n fi pa á tì. Nígbà tí Yokoi fi Nintendo sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1996, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àwọn èèyàn ní ìtìjú ló lé e lọ. Òun ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn òun.

Ó dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Koto, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá Bandai ṣe ẹ̀rọ alágbèéká tuntun. Kò rí òpin rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, oṣù Kẹwàá, ọdún 1997, ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kọ lu ọkọ̀ akẹ́rù kan lójú òpópónà márosẹ̀ ní Ishikawa. Ó bọ́ sílẹ̀ láti wo ohun tó bàjẹ́, ni ọkọ̀ mìíràn bá gbá a. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni.

Oṣù Kẹta, ọdún 1999 ni ẹ̀rọ náà jáde, orúkọ rẹ̀ ni WonderSwan. Wọn ò tà á kọjá Japan, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ò fi mọ̀ ọ́n. Bátìrì kékeré ẹyọ kan ṣoṣo ló ń lò, ó sì lè gbé e fún ọgbọ̀n wákàtí. Géèmù adánilọ́pọlọwò kan wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ bá a jáde. Ìlà wẹ́wẹ́ ló ń ti ìsàlẹ̀ gòkè, ẹni tó ń gbá a á máa sún wọn sókè sódò títí wọ́n á fi so kọ́ra láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún, kí wọ́n tó dé òkè pátápátá. Gunpey ni wọ́n sọ ọ́, kí orúkọ olóògbé má bàa parẹ́.

Lọ́dún 2006, wọ́n tún géèmù yẹn ṣe fún ẹ̀rọ DS. Nintendo ló ni DS. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí Yokoi jáde níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ padà wọlé.