Abul-Qasim Az-Zahrawi: Oníṣẹ́ Abẹ Tí Kò Fi Òtítọ́ Pamọ́

Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú wa, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ará mọ́sáláṣí, ìtàn àgbà kan nínú àwọn oníṣègùn Mùsùlùmí ni mo fẹ́ sọ fún yín lọ́dún yìí.

Orúkọ rẹ̀ ni Abul-Qasim Khalaf bin Abbas Az-Zahrawi. Ní nǹkan bí ọdún 936 ni wọ́n bí i ní Madinatuz-Zahra, ìlú ọba tó wà lẹ́bàá Qurtubah, ní ilẹ̀ Andalus tí a ń pè ní Sípéènì lónìí. Ní nǹkan bí ọdún 1000 ló parí ìwé rẹ̀, At-Tasrif, tí ó ní apá 30. Apá tó kẹ́yìn dá lórí iṣẹ́ abẹ. Ó ya àwòrán irinṣẹ́ bíi 200 sínú rẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ̀ wọ́n. Ní ọ̀rúndún kejìlá, Gerard ará Cremona túmọ̀ apá yìí sí èdè Látìn ní Toledo, àwọn oníṣègùn Yúróòpù sì fi kọ́ṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nínú ìwé yìí ni ó ti sọ̀rọ̀ nípa àrùn jẹjẹrẹ, tí Lárúbáwá ń pè ní saratan, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe alákàn. Ó ní bí ó bá wà níbi tí ọ̀bẹ lè dé, bí ọyàn tàbí itan, tí ó ṣì kéré, tí kò tíì pẹ́, kí a gé e kúrò pátápátá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti pẹ́, tí ó sì ti tóbi, kí oníṣègùn má ṣe sún mọ́ ọn. Ó jẹ́wọ́ pé òun kò wo irú rẹ̀ sàn rí, òun kò sì rí ẹni tó wò ó sàn ṣáájú òun.

Ẹ wo àgbà tí òkìkí rẹ̀ kàn! Ó lè dákẹ́, kò sì sẹ́ni tí yóò bi í. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tó bá ka ìwé òun yóò mú ọ̀bẹ lé ara ènìyàn.

Ó kú ní nǹkan bí ọdún 1013, lẹ́yìn tí ogun ti sọ Madinatuz-Zahra di ahoro. Ìwé rẹ̀ kò parun.

Irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí ìṣègùn òde òní dúró lé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn dókítà gbà pé gbogbo ọyàn ni kí a gé bí jẹjẹrẹ bá mú un. Láti ọdún 1976, Dókítà Bernard Fisher àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà dán èyí wò. Àwọn obìnrin tó gbà láti kópa ni wọ́n ṣẹ́ gègé fún: wọ́n gé gbogbo ọyàn àwọn kan, wọ́n yọ kókó nìkan fún àwọn kan, wọ́n sì fi ìtọ́jú ìtànṣán kún ti àwọn yòókù. Lẹ́yìn 20 ọdún, ní 2002, wọ́n gbé àbájáde àwọn 1,851 jáde: ẹ̀mí àwọn tí a gé gbogbo ọyàn wọn kò gùn ju ti àwọn yòókù lọ. Ìtànṣán sì dín bí àrùn náà ṣe ń padà sí ọyàn kù, láti nǹkan bí 39 nínú 100 sí 14.

Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ bá rí kókó lọ́yàn, ẹ má fi ìtìjú bò ó títí yóò fi tóbi. Bí dókítà bá pè yín sí ìwádìí, ẹ béèrè títí yóò fi yé yín, kí ẹ tó gbà tàbí kí ẹ tó kọ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ jẹ́ olóòótọ́ nínú ìmọ̀.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.