Ìtàn Ìgbésí Ayé Sir Humphry Davy àti Àtùpà Àwọn Awakùsà

Nínú ìwé ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ wa yìí, ó yẹ kí a rántí ọ̀mọ̀wé kan tí ìwé àlùfáà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí kò sì ṣe etí dídi sí i.

Ní December 17, 1778, ni a bí Humphry Davy ní Penzance, ìlú etí òkun kan ní Cornwall, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Agbẹ́gilére ni baba rẹ̀. Nígbà tí ó kú ní 1794, gbèsè ni ó fi sílẹ̀ fún opó àti ọmọ márùn-ún, Humphry sì ni àkọ́bí. Ní ọdún kejì a fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣègùn kan. Níbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́místrì, nítorí kò wọ yunifásítì rí. Ní 1801 a pè é sí Royal Institution ní London, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń wọ́ lọ gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Àwọn ohun aláìlẹ́mìí ni ó ń wádìí: iyọ̀, eérú, òkúta àti irin. Ẹ̀yin ìyá tí ń ṣe ọṣẹ dúdú mọ omi eérú dáadáa. Iyọ̀ tí ń bẹ nínú eérú náà ni Davy yọ́ lórí iná ní October 1807, tí ó sì rán agbára mànàmáná gbà á kọjá. Irin rírọ̀ kan jáde, ó ń dán bí fàdákà. Bí ó bá kan omi, a gbiná lójú ẹsẹ̀. Potassium ni ó sọ ọ́. Kò pẹ́ tí ó fi rí sodium, àti ní 1808, magnesium, calcium, strontium àti barium. Ní 1810 ó fi hàn pé chlorine kì í ṣe àpòpọ̀, bí kò ṣe ohun kan ṣoṣo.

Ní April 1812 a fi oyè Sir dá a lọ́lá. Ní May 25 ọdún náà, afẹ́fẹ́ tí ń jáde láti inú èédú ilẹ̀ pàdé iná nínú kòtò Felling, ó bú gbàù, ó sì pa ọkùnrin àti ọmọdékùnrin 92. Àlùfáà John Hodgson sin òkú wọn, ó sì kọ ìròyìn náà sínú ìwé, bí àwọn olówó kòtò kò tilẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1815 Àlùfáà Robert Gray, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Bristol lẹ́yìn náà, kọ̀wé bẹ Davy pé kí ó wá ọ̀nà àbò.

Davy lọ bá àwọn awakùsà níbẹ̀. A sì di afẹ́fẹ́ búburú náà sínú ìgò ránṣẹ́ sí i. Ó rí i pé bí a bá fi wáyà tí a hun bí asẹ́ yí iná àtùpà ká, wáyà náà yóò gba ooru mọ́ iná lọ́wọ́, iná kò sì ní lè ràn mọ́ afẹ́fẹ́ òde. Ní January 9, 1816, a gbé e wọ kòtò Hebburn, kò sì sí ewu. Ọ̀rẹ́ rọ̀ ọ́ pé kí ó gba àṣẹ ìjọba lé e, kí ó lè di olówó. Ó kọ̀, ó fi í fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́.

Kò yẹ kí a fi àbùkù rẹ̀ pamọ́. George Stephenson, òṣìṣẹ́ kòtò tí kò kàwé púpọ̀, ṣe àtùpà tirẹ̀ ní àkókò kan náà, ṣùgbọ́n Davy kò gbà pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣe é láìjí ọgbọ́n òun. Ó gbàgbé ilé agbẹ́gilére tí òun ti jáde. Bákan náà, Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ tí òun fúnra rẹ̀ gbà sí iṣẹ́ ní 1813, ni ó tako ní 1824 nígbà tí a fẹ́ yàn án sí Royal Society, níbi tí Davy ti jẹ́ Ààrẹ. Ikú kò sì tán nínú kòtò: wáyà a máa dípẹtà, a sì máa ya, àwọn olówó kòtò sì ń rán ènìyàn lọ síbi tí ewu gbé pọ̀ jù.

Ó kú ní Geneva ní May 29, 1829, ní ẹni àádọ́ta ọdún. Àwọn ohun èlò fàdákà tí àwọn olówó èédú fi ta á lọ́rẹ ni a yọ́ lẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí ìfẹ́ rẹ̀, láti dá Davy Medal sílẹ̀. A sì kọ́kọ́ fi í fúnni ní 1877.

Ẹ̀yin ará, àti ẹ̀yin àlùfáà àlejò wa, bí Hodgson bá ti dákẹ́, tí Gray kò sì kọ̀wé, bóyá ọ̀mọ̀wé náà kì bá ti boju wo inú kòtò. Ọgbọ́n dára, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gbé ẹkún opó lọ sí ẹnu ọ̀nà ọlọ́gbọ́n, iṣẹ́ tiwa ni.