Ken Aston: Òfin àti Làákàyè

Ní ìlú Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ni pápá ìṣeré ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Remo Stars wà, ẹgbẹ́ tí ó gba ife ẹ̀yẹ líìgì Nàìjíríà ní ọdún 2025. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ni ó ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí à ń pè ní Beyond Limits ní iṣẹ́ bọ́ọ̀lù. Bí ọ̀dọ́ kan bá ṣe àìdára lórí pápá, rẹfirí a fa káàdì yọ nínú àpò rẹ̀. Bí káàdì náà bá jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, ìkìlọ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ pupa, ọmọ náà yóò jáde kúrò nínú eré. Kò sí ẹni tí ó nílò ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ̀ pé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé kan ni ó ronú kan ọgbọ́n yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Ken Aston.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1915 ni a bí Aston ní ìlú Colchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú Exeter, ó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹfirí ní ọdún 1936. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wọ iṣẹ́ ológun, ó sì di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Íńdíà. Nígbà tí ó padà sílé, ó tún mú fèrè rẹ̀. Ní ọjọ́ iwájú, ó di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Newbury Park ní Ilford. Kì í ṣe ẹni tí ń wo ìṣòro níran. Nígbà tí ó rí i pé àsíá àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹfirí kì í hàn dáadáa nínú kùrukùru, ó fi àsíá aláwọ̀ ìyeyè títàn rọ́pò wọn ní ọdún 1947.

Àdánwò ńlá dé bá a ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 1962, nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Santiago, olú ìlú Ṣílè. Ṣílè àti Ítálì ni ó pàdé, Aston sì ni rẹfirí. Ìbínú ti wà nílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn oníwèé ìròyìn Ítálì ti kọ ọ̀rọ̀ àbùkù nípa ìlú àwọn onílé. Kò pẹ́ tí ìpá àti ẹ̀ṣẹ́ fi gba ipò bọ́ọ̀lù. Aston lé Ferrini, ará Ítálì, jáde, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kọ̀ jálẹ̀, àfi ìgbà tí ọlọ́pàá wọ pápá. Lẹ́yìn náà ó lé David, ará Ítálì kejì, jáde. Síbẹ̀ Sánchez, ará Ṣílè, tí ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu David, kò jáde. Ṣílè borí pẹ̀lú góòlù méjì sí òdo, àwọn ará Ítálì sì ní rẹfirí gbè sẹ́yìn onílé. Aston kò gbọ́ èdè ẹgbẹ́ méjèèjì. Òfin wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà tí yóò fi yé àwọn tí òfin náà dè.

Ní ọdún 1966, ìdíje náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Aston sì ni alábòójútó àwọn rẹfirí. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì pàdé Ajẹntínà, Kreitlein, rẹfirí ará Jámánì, lé Rattín, balógun ẹgbẹ́ Ajẹntínà, jáde. Kò sí èyí tí ó gbọ́ èdè ẹnì kejì rẹ̀. Rattín dúró gbọnin-gbọnin fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó lọ. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì kan pàápàá kò mọ̀ pé rẹfirí ti kìlọ̀ fún wọn, àfi ìgbà tí ìwé ìròyìn gbé e jáde. Bí Aston ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní òpópó Kensington ní London, iná tí ń darí ọkọ̀ yí láti ìyeyè sí pupa níwájú rẹ̀. Ó rí i pé gbogbo awakọ̀ ni àwọ̀ wọ̀nyí yé, èdè yòówù kí wọ́n máa sọ. Ibẹ̀ ni káàdì méjèèjì ti wá.

Ní Mẹ́síkò ní ọdún 1970 ni a kọ́kọ́ lo káàdì náà ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, kò sì sí agbábọ́ọ̀lù kan tí a fi káàdì pupa lé jáde títí ìdíje fi parí. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé nínú ọgbọ́n yìí, ìkìlọ̀ ń ṣíwájú ìyà. Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ rere ti ń ṣe nínú kíláàsì.

Lẹ́yìn èyí, Aston yí ojú sí àwọn ọ̀dọ́. Ó lé ní ogún ọdún tí ó fi ń kọ́ àwọn rẹfirí AYSO ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1964. Òbí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn rẹfirí náà, wọn kì í sì í gba owó. Ìlànà ẹgbẹ́ yìí ni pé gbogbo ọmọ ni yóò gbá bọ́ọ̀lù, ìbáà ṣe ọ̀jáfáfá tàbí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì mọ́ ọn.

Láàárín àwọn ọmọdé ni ìdájọ́ ti ṣòro jù. Bí ọmọ ọdún mẹ́jọ bá gbé ẹsẹ̀ kan sókè nígbà tí ó ń fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù wọlé, òfin ní kí a gbé bọ́ọ̀lù náà fún ẹgbẹ́ kejì. Rẹfirí tí ó bá ń fun fèrè sí gbogbo irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò rú òfin, ṣùgbọ́n eré yóò sú àwọn ọmọ, ẹni tí ó ṣẹ̀ kò sì ní mọ ohun tí ó ṣe. Rẹfirí onílàákàyè yóò fi bí a ti ń jù ú hàn án, yóò sì ní kí ó tún un jù. Ohun tí ó bá sì ṣe fún ẹgbẹ́ kan, yóò ṣe é fún èkejì. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí bá mọ̀ọ́mọ̀ gbá ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní ojúgun, tí rẹfirí fi ojú fò ó dá nítorí pé ọmọdé ni, èyí kì í ṣe làákàyè rárá. Ó ti ṣe àìtọ́ sí ẹni tí ó farapa, ó sì ti ba ẹni tí ó gbá a jẹ́.

Ìwé òfin bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò fẹ́ rẹfirí aláìlérò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi gba rẹfirí níyànjú pé kí ó má ṣe máa fun fèrè lemọ́lemọ́ nítorí àṣìṣe kéékèèké. Láti ọdún 2016 ni ó sì ti là á sílẹ̀ pé kí rẹfirí fi òfin àti ẹ̀mí eré náà ṣe ìdájọ́. Ó tún gbà kí a dín pápá, bọ́ọ̀lù àti àkókò eré kù fún àwọn ọmọdé.

Ní ọdún 1997, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá Aston lọ́lá. Ó kú ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹwàá ọdún 2001, nígbà tí ó di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Àwọn àgbà a máa wí pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Rẹfirí tí ó dúró lórí pápá ní Ìkẹ́nnẹ́ lónìí ní káàdì méjì nínú àpò, èyí tí Aston fi lé e lọ́wọ́. Ìgbà tí ó yẹ kí ó fà wọ́n yọ, àti ìgbà tí ó yẹ kí ó fi wọ́n sílẹ̀ nínú àpò, orí ara rẹ̀ ni yóò ti wá a.