Fágúnwà: Odò ló gbé e lọ, kì í ṣe iwin

Bí ẹ bá jókòó ti àwọn àgbàlagbà tó ka ìwé D. O. Fágúnwà nílé ẹ̀kọ́ láyé ìjọ̀sí, ẹ bi wọ́n pé irú ikú wo ló pa á. Ẹ ó rí i pé àwọn kan ò ní dárúkọ odò rárá. Wọ́n á ní àwọn iwin tó ń tú àṣírí wọn nínú ìwé ló bínú, tí wọ́n mú un lọ. Ẹlòmíràn á tiẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀ kó tó sọ ọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Lóṣù Kejìlá ọdún 1963, Fágúnwà ń rìnrìn àjò iṣẹ́ lápá Àríwá. Ilé iṣẹ́ atẹ̀wétà Heinemann ló ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ó dé Wuya, nítòsí Bídá nílẹ̀ Tápà, níbi tó yẹ kó ti sọdá odò. Etí odò yẹn ló ti já sómi, omi sì gbé e lọ. Ó ti tó ọmọ 60 ọdún.

Òkè-Igbó, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1903. Oròwọlé ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, kó tó di Ọlọ́runfẹ́mi nígbà tó yá. Ó kàwé ní St. Luke's nílé, ó lọ sí St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, ó sì di tíṣà níbẹ̀. Iṣẹ́ tíṣà yẹn ló ń ṣe lọ́wọ́ lọ́dún 1936 tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba amúnisìn gbé ìdíje ìwé kíkọ kalẹ̀. Ohun tó kọ fún ìdíje náà ló di Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde lọ́dún 1938. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké-Oníbùdó tẹ̀ lé e ní 1949. Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje jáde ní 1954.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé àkọ́kọ́ yẹn, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀rọ̀ iwin yìí ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe Fágúnwà ló ń pa ìtàn yẹn o. Àkàrà-Ògùn ló wá bá òǹkọ̀wé níbi tó jókòó sí, tó ní kó mú kálámù. Ọdẹ yìí sọ̀rọ̀ Agbákò, ó sọ̀rọ̀ Kàkó, ó sọ bí wọ́n ṣe lọ sí Òkè Láńgbòdó tí wọ́n sì bọ̀. Nígbà tó parí, ó pòórá. Ẹni tó bá ti ń ka irú èyí láti ilé ìwé, tó wá gbọ́ ní 1963 pé Fágúnwà ti lọ, ṣé ẹ rò pé á tètè gbà pé omi lásán ni? Ọdún 25 ni wọ́n ti fi kọ́ wọn pé ẹni tó ń sọ ìtàn kì í kú, ńṣe ló máa ń rá. Bí wọ́n ṣe ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ nìyẹn, mi ò sì bá wọn jà.

Àmọ́ ìtàn yẹn ò pọ́n ọn lé tó. Àṣírí wo ló tú? Fágúnwà ò lọ ṣamí nínú igbó kankan. Ó kó àlọ́ tí gbogbo wa mọ̀ pọ̀ mọ́ Bíbélì àti ìwàásù tíṣà, ó fi ahọ́n tirẹ̀ rò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ló dá àwọn iwin náà. Àwa tí à ń kàwé sórí afẹ́fẹ́ mọ̀ ọ́n lára: gbólóhùn Fágúnwà lè gùn bí okùn, síbẹ̀ èémí rẹ ò ní já, torí ẹnu ló kọ ọ́ fún. Bó ṣe kú gan-an ló yẹ ká máa rántí: àgbà òǹkọ̀wé tó ṣì wà lójú ọ̀nà nítorí ìwé.

Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ní 1977, nígbà àjọ̀dún FESTAC, eré Láńgbòdó tí Wálé Ògúnyẹmí kọ láti inú rẹ̀ wà lórí ìtàgé.

Èyí tó ń dùn mí jù ni Àdììtú Olódùmarè, ìtàn àròsọ rẹ̀ tó jáde ní 1961. Ẹ tún un kà bí ẹ bá ní in nílé. Ẹ̀bọra ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ìṣẹ́ àwọn òbí Àdììtú, ìfẹ́ òun àti Ìyùnadé, àti lẹ́tà tí wọ́n ń kọ síra wọn ló gba ọkàn mi. Ọ̀rọ̀ ọmọ èèyàn ni kálámù rẹ̀ ń kọjú sí báyìí. Ọdún 2 lẹ́yìn náà ló dé etí odò Wuya.